Ìbọn Tí Daddy Ní Kò Sí Nǹkan Nínú Ẹ̀

Ẹ fara balẹ̀, kí n ro ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Gorton fún yín, nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kótópó kan ní Fallowfield. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni o! Ẹ má tíì sá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adigunjalè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sójà. Ọ̀rọ̀ ọkọ ni, ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀ fágbà ni. Ìbọn kàn wà láàárín wọn ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló fà á. Ó ní, "Àǹtí Bùnmi, kí ló dé tí ẹ máa ń yẹ gbogbo nǹkan wò? Bí èèyàn bá ní òun ti pa gáàsì, ẹ ó tún lọ wò ó. Bí èèyàn bá ní òun ti ti ilẹ̀kùn, ẹ ó tún lọ fà á." Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn gùn, jẹ́ kí n jókòó kí n kọ ọ́.

Ìparí àwọn ọdún eighties ni. Mò ń ka biochemistry ní yunifásítì, mo sì ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Manchester nígbà náà, ẹ mọ̀ bó ṣe rí. Bí èèyàn bá ti ṣe ìdánwò tán, ilé yá! Àpótí mi ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti ń fi aṣọ àti abọ́ sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n Dàpọ̀ wà ńlẹ̀. Háà, Dàpọ̀! Manchester ni wọ́n bí i sí, ó ga, ó gbáfẹ́, àmọ́ Yorùbá ẹnu ẹ̀ kò já gaara. "Ẹ káàárọ̀" ló máa fi ń kí àwọn màmá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì dá a lóhùn pé, "Káàárọ̀, ọkọ mi," wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ fẹ́ mi. Èmi náà fẹ́ ẹ, kí n má parọ́.

Ohun tó kù ni bàbá rẹ̀. Daddy ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Dókítà eyín ni wọ́n, wọ́n ti wà nílùú òyìnbó láti ìgbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ilé wọn sì wà ní Blackley. Daddy kì í sọ̀rọ̀! Bí mo bá lọ kí wọn lọ́jọ́ Sunday, màá kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ṣé dáadáa ni?" Kí n tó dìde, wọ́n ti padà sẹ́yìn ìwé ìròyìn wọn. Ó parí.

Bẹ́ẹ̀ Daddy fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ pe bàbá mi ní Ìbàdàn lórí fóònù, kí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ wá tọrọ mi. Dàpọ̀ ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: ẹni tí Daddy kò bá fọwọ́ sí, òun kò ní fẹ́ ẹ. Bí ìdánwò bá parí tí fóònù yẹn kò tíì dún, èmi àti àpótí mi á padà sílé, ìfẹ́ á dìtàn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo máa ń jí láàárọ̀ kí n kọ́kọ́ wo àpótí yẹn.

Mummy Dàpọ̀ ló ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n ń dín dòdò lọ́jọ́ kan, èmi ń bá wọn bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n bá rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ mọ bàbá yìí, kí n tẹ̀lé wọn lọ sí Gorton, pé ibẹ̀ nìkan ni ẹnu wọn ti ń là.

Kí ló wà ní Gorton? Kíláàbù ìbọn!

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀bẹ gé ìka mi. Ìbọn kẹ̀? Mummy ní kí n fọkàn balẹ̀, eré ìdárayá ni. Nígbà náà, òfin ṣì fàyè gba ẹni tó bá níwèé àṣẹ láti ní ìbọn ìléwọ́, kó máa fi yin bébà nínú kíláàbù. Ọmọ ọdẹ sì ni Daddy, bàbá wọn fi ìbọn ṣakabùlà dọdẹ títí dọjọ́ alẹ́ ní agbègbè Ṣakí. Dókítà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú wọn débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Dàpọ̀ kò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, bọ́ọ̀lù nìkan ni tiẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè tẹ̀lé yín lọ sí kíláàbù yín?" Ìwé ìròyìn yẹn wálẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí gbogbo ojú Daddy!

Ẹ̀yìn Hyde Road ni kíláàbù náà wà, nínú ilé bíríkì àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ nígbà kan. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mrs Hartley ni alábòójútó ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn, tí wọ́n ń pè ní range. Hẹ́dìmísírẹ́ẹ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹ sì mọ ohùn àwọn hẹ́dìmísírẹ́ẹ̀sì. Bó bá ní "Stop!", kódà eku inú ògiri á dúró.

Ó kọ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó jẹ́ kí n yìn ín. Inú bí mi díẹ̀. Mo ní ṣé kì í ṣe ìbọn kékeré yìí náà ni? Àṣé mi ò mọ nǹkan kan.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ṣakabùlà tí a mọ̀ nílé, bí ọdẹ bá ti yìn ín, ó tán nìyẹn, àfi kó tún ki ẹ̀tù. Ìbọn ìléwọ́ tiwọn ń ki ara rẹ̀ ni! Àwọn ọta wà nínú àpótí irin pẹlẹbẹ kan tó ń wọ inú ìdí ìbọn láti ìsàlẹ̀, magazine ni wọ́n ń pè é. Bí o bá yìn ín, irin òkè á sáré lọ sẹ́yìn, á tu èèpo ọta tó ti jó dànù, bó bá ń padà bọ̀ á ti gbé ọta tuntun sínú ihò tí wọ́n ti ń yìn ín. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti ṣe tán láti tún yìn.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ tú ọta inú ẹ̀, ó létò. Kọ́kọ́ yọ magazine. Lẹ́yìn náà ni kí o wá fa irin òkè sẹ́yìn, kí ọta tó wà nínú ihò jáde, kí o fi ojú ara ẹ wo inú ihò náà pé ó ṣófo. Bí o bá yí ètò yìí padà ńkọ́? Bí o bá fa irin kí o tó yọ magazine? Ọta kan á jáde lóòótọ́, wàá rí i, ọkàn ẹ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n irin yẹn ti gbé òmíràn sí i bó ṣe ń padà. Kí o wá yọ magazine lẹ́yìn ìyẹn, asán ni. Ìbọn ti ní ọta lẹ́nu, ìwọ sì rò pé o ti tú u.

Àwọn òfin tó kù kò ṣòro. Kí ẹnu ìbọn máa kọjú síbi tí bébà wà nígbà gbogbo. Kí ìka má débi trigger, ibi tí à ń fà, àfi bí o bá ti fojú sun bébà tí o sì ṣe tán. Kí o fi ìbòtí sétí, kí o wọ awò. Bí ẹnì kan bá wà níwájú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìbọn.

Òfin kan ló há mi lọ́fun. Mrs Hartley ní ẹnikẹ́ni tó bá gba ìbọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ló gbé e fún mi, tó fi Bíbélì búra pé ó ṣófo, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù, kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ní bó bá jẹ́ bàbá mi ńkọ́? Ó wò mí títí, ó ní ti bàbá mi gan-an ni kí n yẹ̀ wò jù, nítorí òun ni mi ò ní fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi rò ó! Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá ní òun ti ti ilẹ̀kùn, ta ló jẹ́ lọ fà á wò níṣojú rẹ̀? Bí ìyá àgbà bá ní ọbẹ̀ ti níyọ̀, ṣé o máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí o tó gbà pé lóòótọ́ ni? Ìfọ́tí ń bọ̀! Wọ́n á ní o pe àgbà ní òpùrọ́. Mo kàn mi orí fún Mrs Hartley, mo sì ń gbàdúrà nínú ara mi pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọjọ́ náà dé.

Ní ti Daddy, òótọ́ ni Mummy sọ. Nínú mọ́tò láti Fallowfield dé Gorton, ẹ ò ní gbà pé àwọn ni. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa àwọn ajá bàbá wọn, orúkọ ajá kọ̀ọ̀kan àti èyí tó ya ọ̀lẹ nínú wọn. Wọ́n á máa kọ́ mi bí mo ṣe máa mí kí n tó yìn, pé kí n má ṣe já trigger, kí n rọra fún un bí ẹni ń fún ọsàn sẹ́nu ọmọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn bàbá yìí fúnra wọn, kì í ṣe nítorí Dàpọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n kàn ṣàdédé ní, "Sunday tó ń bọ̀, màá bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀." Àyà mi fò! Mo sáré lọ fi fóònù ojú pópó pe màmá mi. Ẹ lè fojú inú wò ó bí wọ́n ṣe pariwo.

Kí Sunday yẹn tó pé, ọjọ́ kíláàbù dé. Iṣẹ́ láàbù dá mi dúró, mo ní kí Daddy máa lọ, bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀. Òjò pa mí. Nígbà tí mo dé, Daddy ti ń parí, wọ́n ti ń tú ọta inú ìbọn wọn. Àwọn méjì mìíràn ṣì wà lórí ìlà tí wọ́n ti ń yìnbọn, òyìnbó, ọ̀rẹ́ wọn.

Kí ni mo ṣe? Ohun tí ọmọ tí wọ́n bí ire máa ṣe ni mo ṣe. Mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré yẹn, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sir. Ẹ kú eré."

Ẹ sì mọ ìkíni tiwa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu kan. Daddy dáhùn, "Pẹ̀lẹ́, kú ọ̀nà. Òjò pa ọ́? Ṣé o ti jẹun? Àwọn ará ilé ńkọ́, ṣé o gbúròó wọn? Ìwé ńkọ́?" Ẹnu wọn ń kí mi, ọwọ́ wọn ń bá iṣẹ́ lọ, ojú wọn wà lára èmi tí mo kúnlẹ̀. Irin òkè lọ sẹ́yìn, ọta kan fò jáde. Magazine jáde, wọ́n gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Ṣé mo kíyè sí èyí tó ṣáájú? Rárá o! Mò ń dáhùn ìkíni ni tèmi.

Wọ́n wá yí sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ní ọmọ tí àwọn ń sọ nípa rẹ̀ nìyí. Wọ́n ní, "Wá, ọmọ mi." Ọmọ mi! Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n mú ìbọn tiwọn gan-an, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, wọ́n nà án sí mi. "Gbà. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. Mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi bébà. Daddy dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn síwájú, wọ́n fi ìka kan irin kékeré tó dúró lórí ẹnu ìbọn. Wọ́n ní, "Ṣé o rí eléyìí? Òun ni kí o máa fi ojú tọ̀. Ó yá, fa trigger wò, kí o mọ̀ bó ṣe fúyẹ́."

Mo gbójú sókè, mo rí Mrs Hartley ní ìpẹ̀kun ìlà, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń wò mí. Àwọn òyìnbó méjì yẹn náà ń wò mí. Sunday ti sún mọ́lé, bàbá mi ti ń dúró de fóònù. Àgbà ti ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò, mo ti dójú ti Daddy níṣojú ọ̀rẹ́ wọn. Bí mo bá fà á bí wọ́n ṣe ní kí n fà á, mo ti di ìyàwó ilé wọn. Ta ni kò mọ èyí tó rọrùn?

Àmọ́ ìka yẹn ni mò ń wò. Ọwọ́ ọ̀tún dókítà eyín, ọwọ́ tí gbogbo ilé náà ń jẹ nínú ẹ̀, ó wà lẹ́nu ìbọn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sir, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò."

Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Mo ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Mo gbọ́, sir. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́."

Wọ́n gbọ́wọ́. Mo fa irin òkè sẹ́yìn. Nǹkan kékeré kan, pupa bí idẹ, fò jáde, ó bọ́ sórí kọnkéré, ó ń dún lọ títí ó fi dúró níwájú bàtà Daddy.

Daddy wo ọta náà. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè díẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n rọra fi í sí àpò kóòtù wọn. Títí dòní, mi ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ yẹn pamọ́.

Mrs Hartley dá gbogbo èèyàn dúró. Kò pariwo, ìyẹn ló tiẹ̀ burú. Ó ní kí Daddy fi ìbọn sílẹ̀ ná, pé bí wọ́n bá máa padà, wọ́n á tún ẹ̀kọ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Bàbá tó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ! Daddy kàn ní, "Of course." Wọ́n gbé kóòtù wọn.

Wọ́n gbé mi délé nínú òjò yẹn. Láti Gorton dé Fallowfield, kò sí ìtàn ajá, kò sí nǹkan kan. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ni màá ní mo ṣe? Nígbà tí mo bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Ó dàárọ̀." Ó tán.

Sunday dé. Daddy kò pe Ìbàdàn.

Màmá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bàbá mi wọ agbádá lọ jókòó sídìí fóònù aládùúgbò wa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò dìde títí ilẹ̀ fi ṣú. Agbádá, nítorí fóònù! Mo sunkún ọjọ́ yẹn. Mo fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù pẹ̀lú ìbínú.

Dàpọ̀ wá bá mi, ó fajú ro. Ó ní kí ló dé tí mi ò kàn rọra gbé ìbọn sílẹ̀, kí n ní apá ń ro mí? Ó ní mi ò bá ti fi bò wọ́n láṣìírí.

Mo ní, "Kí ẹlòmíràn wá gbé e, kó fà á?"

Mo tún bi í pé láti ìgbà tó ti wọlé, ṣé ó tiẹ̀ ti bi mí bóyá ara mi balẹ̀? Mo ní èmi ni ọwọ́ mi ì bá ti fa nǹkan yẹn, èmi ni mi ò bá sì máa rí i lójú oorun títí ayé. Dàpọ̀ jókòó sórí àpótí mi. Ó wá ní láti ọjọ́ yẹn, Daddy kàn ń jókòó ni, wọn ò fọwọ́ kan ìwé ìròyìn. Ó dá mi lójú nígbà yẹn pé ẹ̀rù ló ń ba Dàpọ̀ náà, kì í ṣe ìbínú.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni Mummy pè mí pé kí n wá sí Blackley. Ẹ sì mọ̀ ọ́n, bí ọmọdé bá tiẹ̀ jàre, òun náà ló ń lọ bẹ̀bẹ̀. Mò ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ láti ibi tí mo ti wọ bọ́ọ̀sì títí mo fi sọ̀. Mò ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Kí ni màá ní kí wọ́n dárí ẹ̀ jì mí?

Daddy wà ní pálọ̀. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì fò lọ, èyí tó wà nínú mi ló jáde. Mo ní, "Daddy, ẹ má bínú. Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé mo yẹ̀ ẹ́ wò o. Bí ẹ bá gbé e fún mi báyìí, màá tún yẹ̀ ẹ́ wò. Pé ó ṣojú àwọn ọ̀rẹ́ yín ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Mummy tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pariwo, "Yéè! Bùnmi!"

Daddy gbọ́wọ́ sókè pé kí Mummy dákẹ́. Wọ́n ní àbúrò bàbá àwọn kan wà ní Ṣakí tó jẹ́ ọwọ́ kan ló ní. Láti kékeré, ohun tí wọ́n sọ fún àwọn ni pé ìbọn ló yin ara rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti dàgbà kí ìyá àwọn tó sọ òótọ́ fún àwọn. Bàbá àwọn, ọdẹ àgbà, ló gbé ìbọn fún àbúrò rẹ̀, tó ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Àbúrò náà sì gbà, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Gbogbo ilé mọ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́, kí wọ́n má baà ní àgbà ṣì í ṣe.

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Mi ò bínú sí ẹ. Ojú ń tì mí ni. Bí o bá ti bọ̀wọ̀ fún mi bí mo ṣe fẹ́ kí o bọ̀wọ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ wo ni mi ò bá máa fi yọ eyín èèyàn?" Mi ò rí i rí kí omi dé ojú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Èmi náà bú sẹ́kún, Mummy ti ń sunkún tipẹ́.

Wọ́n bá dìde, wọ́n gbé fóònù. Ibẹ̀ ni mo wà lórí eékún mi nígbà tí wọ́n pe Ìbàdàn, tí aládùúgbò wa sì sáré lọ pe bàbá mi wá. Wọ́n kí, wọ́n kí, ìkíni yẹn kò fẹ́ẹ́ tán. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín kò gbà mí gbọ́ o."

Mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti inú fóònù yẹn, "Ha! Bùnmi kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jìn ín! Ọmọdé ló ń ṣe é!"

Daddy ní, "Rárá, ẹ má bẹ̀ mí. Mo ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀, ó ní òun á wò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó wọ ilé mi."

Mo tú ẹrù inú àpótí mi, ẹ̀yin èèyàn mi!

Daddy padà sí kíláàbù. Wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ Mrs Hartley láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì ṣe òfin kan fún mi: bí mo bá dé tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, kí n má kí wọn. Kí n dúró lẹ́yìn, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ni kí n wá kúnlẹ̀ bó bá ṣe wù mí. Ó kọ́kọ́ ṣòro fún mi. Èmi tí mo wọlé bá àgbà, kí n pa ẹnu mọ́? Ó sì wá mọ́ mi lára.

Ọdún gorí ọdún, nineties dé, òfin yí padà. Ìjọba ní kí gbogbo ẹni tó ní ìbọn ìléwọ́ kó o wá fún ọlọ́pàá. Irun Daddy ti funfun nígbà náà, èmi náà ti di ìyá ọmọ. Kì í ṣe Dàpọ̀ ni wọ́n ní kó sin àwọn lọ o. Èmi ni wọ́n pè.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n mú wa sí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá kan ní kí Daddy ṣí ìbọn náà, kí òun rí i pé ó ṣófo. Daddy kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí ọlọ́pàá ní kí wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n yọ magazine. Wọ́n fa irin òkè sẹ́yìn, wọ́n wo inú ihò, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá yíjú sí mi dípò ọlọ́pàá. "Bùnmi, gbà. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Pẹ̀lú kóòtù òtútù lọ́rùn mi, lórí ilẹ̀ ọlọ́pàá, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá yẹn ń wò wá, kò rí irú èyí rí. Mo ní, "Lóòótọ́ ni, sir. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

Daddy gbà á padà lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n tó gbé e sórí tábìlì, wọ́n tẹ orí wọn ba, àwọn náà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ gbọ́, mi ò sọ pé kí ẹ má bọ̀wọ̀ fágbà o. Èmi ṣì ń kúnlẹ̀ títí dòní, eékún mi ń ké. Ohun tí mo kọ́ ni pé eékún ló ń kúnlẹ̀, ojú kò gbọdọ̀ di. Àgbà tó bá fẹ́ràn ọmọdé dénú kò ní bínú pé ó yẹ ọ̀rọ̀ òun wò, nítorí kò sí àgbà tí ìkíni kan kò lè mú gbàgbé ètò.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti sọ fún yín rí pé kò séwu, tí ẹ sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ tí ojú ń tì yín? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má fi bò. Gbogbo ẹ̀ ni màá kà. Ẹ má sì bínú bí mo bá bi yín ní ìbéèrè o, ẹ ti mọ ìwà mi.